Ìpàdé Ọjọ́bọ̀ Lẹ́yìn Ìdìbò

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹfà, 1956

Ìjókòó kò tó lónìí ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní Adó. Àwọn ènìyàn jókòó sórí fèrèsé, wọ́n dúró dí ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin kan tilẹ̀ jókòó sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, tí mo gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi, mi ò sì lè bá wọn wí. Ìdìbò ti di ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn. A ti wọlé, a ti jó, ariwo ìpolongo sì ti gba ohùn mi lọ, kò tíì dá a padà. Èmi akọ̀wé ẹ̀ka ka orí wọn lẹ́ẹ̀mejì: mẹ́rìnlélógóje.

Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ fún gbogbo ẹkùn wa, wá láti Ìbàdàn nínú mọ́tò rẹ̀. Mo rò pé ó wá kí wa kú oríire ni. Ó kí wa lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí a di ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú àpótí rẹ̀, kí a ti ọ́fíìsì pa, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Títí di ìgbà wo, sà?"

"Títí ìdìbò mìíràn. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ sinmi, Ọ̀gbẹ́ni Ìbítóyè, ẹ ti ṣiṣẹ́."

Inú bí mi. Èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ láti aba dé aba lóṣù tó kọjá. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé àwa kì í ṣe àwọn tó ń yọjú lọ́dún ìdìbò tí wọ́n sì ń pòórá. Mo sọ fún àwọn obìnrin ìlú Igbemo pé agbẹ̀bí yóò wá. Káńsù sì ti wí pé bí a bá lè kọ́ ilé tí yóò máa gbé, àwọn yóò rán an sí wa. Ta ni yóò kọ́ ilé náà bí a bá tú ká? Mo béèrè bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Bàbá Adéjọbí, alága wa, dìde. Àgbẹ̀ kòkó ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Uṣẹ́ kò tíì parí," ó sì jókòó. Ilé hó gèè.

Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí ẹ̀ka mẹ́wàá bíi tiwa, pé lẹ́yìn oṣù kan, akọ̀wé àti ìyàwó rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù. Mo ní kó dán wa wò. Báyìí ni a ṣe ṣe é: yóò padà wá ní Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹjọ. Bí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ìpàdé, ẹ̀ka wa parí, wọn yóò sì pa orúkọ wa rẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́. Mo gbà lójú ẹsẹ̀. Ọgọ́rùn-ún! Mo ní mẹ́rìnlélógóje níwájú mi.

Mo kéde pé gbogbo Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni a óò máa pàdé. Ọjọ́rú ni àdúrà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹtì àti Àbámẹ́ta sì ni mo fi ń parí aṣọ Àìkú. Gbogbo wọn pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹfà

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òjò ni. Láti ọ̀sán ló ti ń rọ̀, ta ni yóò gbé ẹsẹ̀ jáde? Mo kọ lẹ́tà sí káńsù lórí ọ̀rọ̀ ilé agbẹ̀bí, mo sì kà á fún àwọn tó wá. Wọ́n ní ó dára. Ó dára lóòótọ́.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹfà

Òwú funfun ti tún gbówó lórí, ìgbà tí mo ní aṣọ àdúrà mẹ́ta láti rán kó tó di Àìkú náà ni. Akínwálé onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi àti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì dìbò fún àwọn tó fìdí rẹmi, béèrè bóyá a ti sin ẹgbẹ́ wa tàbí òkú ṣì wà nílẹ̀. Mo ní kó dúró de ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Kẹfà

Mọ́kàndínlógún. Òjò kò rọ̀ rárá. Oòrùn ràn bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bàbá Adéjọbí kò wá, ẹnikẹ́ni kò sì wá láti aba rẹ̀. Akínwálé dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó ń bá mi kà wọ́n sókè bí wọ́n ṣe ń wọlé. Kò pẹ́ tó fi kà wọ́n tán.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kẹfà

Mẹ́rìnlá, pẹ̀lú Yétúndé ìyàwó mi tí mo bẹ̀ kó wá jókòó, àti bàbá kan tó sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó jí, ó béèrè bóyá ṣòkòtò òun ti parí. Oníbàárà mi ni, kò mọ̀ pé ìpàdé là ń ṣe. Mo ṣì kà á mọ́ wọn.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kẹfà

Mi ò lè jókòó máa wòran. Mo kọ lẹ́tà ogún, mo fi wọ́n rán àwọn awakọ̀ sí gbogbo aba àti sí Ìgèdè. "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a fi han ayé pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ oṣù kan." Yétúndé ní ta ni yóò kà á fún wọn. Mo ní wọn yóò rí ẹni kà á.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Keje

Méjìdínláàádóje! Wọ́n kún dé òpópónà. Bàbá Adéjọbí dé pẹ̀lú gbogbo aba rẹ̀, àwọn obìnrin Igbemo gbé ẹrù wọn sílẹ̀ níta, ó di òkìtì. Mo wo òdìkejì títì. Akínwálé wọlé lọ, ó ń wá nǹkan tí kò sọnù.

Lẹ́tà mi ló ṣe é. Mo mọ̀ pé mo lè kọ̀wé. Mo fi ìgbóná ọkàn yẹn kéde ọ̀wẹ̀: ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí gbogbo wa pàdé ní Igbemo pẹ̀lú ọkọ́ àti agbọ̀n, kí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé agbẹ̀bí. Wọ́n ní ó dára. Màá sùn bí ọmọdé lóru yìí.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Keje

Mo gun kẹ̀kẹ́ dé Igbemo kí oòrùn tó mú. Mo gbé ọkọ́ mẹ́ta lẹ́yìn, nítorí àwọn tó lè gbàgbé tiwọn. Mẹ́sàn-án ni wá. Mẹ́sàn-án! Arúgbó méjì wà nínú wọn, ẹnìkan sì ní ẹ̀yìn ń dun òun. A gbẹ́ ihò kan tí ewúrẹ́ lè fò kọjá, a sì tú ká.

Nígbà tí mo dé ilé, Akínwálé ń dúró dè mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ tòun ti pín àdá tuntun fún àwọn ará aba Bàbá Adéjọbí. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa da ara mi láàmú lásán. Ara mi gbóná. Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹtì, 13 oṣù Keje

Mo ti ṣe é, mi ò sì mọ̀ bóyá ó dára.

Ọjọ́ ọjà ni lónìí. Mo lọ ra bọ́tìnì, àwọn wo ni mo sì rí? Gbogbo àwọn tí kò wá lánàá ló wà níbẹ̀. Ara wọn le, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nájà. Bàbá Adéjọbí dúró ní ìsọ̀ oníyọ̀. Mo lọ bá a níwájú gbogbo ènìyàn, mo sì sọ ọ́ sókè: "Bàbá, àdá mélòó ni wọ́n fún yín?"

Bàbá wò mí. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù Keje

Yétúndé kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Lónìí ló tó béèrè pé, "Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ta ló rí àdá náà?"

"Akínwálé."

"Akínwálé tí kì í kúrò nídìí àga rẹ̀ ló dé aba?"

Mo ń tẹ máṣíìnì mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Keje

Mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Keje

Mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń kọ ọ́ síhìn-ín nítorí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí yóò dé, yóò rí èmi àti ìyàwó mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Kì í ṣe ìtìjú yẹn ló ń dùn mí jù. Bí orúkọ ẹ̀ka wa bá parẹ́, káńsù kò ní ẹni tí yóò máa dá wọn lóhùn mọ́, agbẹ̀bí kò sì ní wá. Èmi yóò wá di òpùrọ́ lójú àwọn obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ fún.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹjọ

Láti agogo mẹ́ta ni mo ti jókòó sí fèrèsé ọ́fíìsì. Mo rí wọn. Àwọn ará aba Bàbá Adéjọbí, àwọn obìnrin Igbemo, gbogbo wọn ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n gba iwájú mi kọjá. Ẹnìkan kò yà. Àwọn mìíràn kí mi, "Akọ̀wé, ẹ kú ìjókòó o," wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ká ní wọ́n bú mi ni, ìbá sàn.

Nígbà tí ọjà tú, Ìyá Ṣẹ̀fíátù wọlé. Òun ni olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa. Ará Ọ̀fà ni, ọdún kẹtàlá rẹ̀ nìyí tó ti ń ta iyọ̀ àti àwo tánganran láti ọjà dé ọjà nílẹ̀ yìí. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń ka orí wa wá."

Mo mú un.

"Ọjọ́ wo ni ilé kọ́kọ́ kún?"

"Ọjọ́ keje oṣù Kẹfà."

"Ọjọ́ ọjà Adó ni. Mo ta àpò iyọ̀ méjì lọ́jọ́ náà. Ìgbà wo ló tún kún?"

"Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje."

"Ọjà Adó. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní òjò ló rọ̀, kò sí ọjà níbì kankan, oko ni wọ́n wà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjà Igbemo ni. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ọjà Ìgèdè. Ọjọ́ tí ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá fún ọ̀wẹ̀, ọjọ́ oko ni, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní láti fi ro uṣu wọn." Ó máa ń fi "uṣu" àti "ulé" wa ṣe ẹ̀fẹ̀ báyìí, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín lónìí. "Adó lónìí, Ìgèdè lọ́la, Igbemo lọ́túnla, ọjọ́ kẹrin oko, ọjọ́ karùn-ún a padà sí Adó. Ọrọọrún ni ọjà ń ná. Ọjọ́bọ̀ tiyín ń lọ lọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni òun àti ọjà Adó ń pàdé."

Mi ò gbà á gbọ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà sára aṣọ, mo lọ síbi kàlẹ́ńdà lára ògiri, mo sì ń sàmì sí ọjọ́ ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Nígbà tí mo dé 5 oṣù Keje, ọwọ́ mi dúró. Kì í ṣe lẹ́tà mi ló kó wọn wá.

Ojú tì mí gan-an. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ mọ ọjà Igbemo. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń rán aṣọ Àìkú fún àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti sọ mí di ẹni tó ń fi Àìkú ka gbogbo ọjọ́ ayé. Ará Ọ̀fà ló wá ń kọ́ mi ní ọjọ́ ọjà ìlú mi.

"Èéṣe tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ béèrè ni? Inú yín ń dùn, ẹ kéde Ọjọ́bọ̀, a ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọjọ́ ọjà sáà ni lónìí, Ọjọ́bọ̀ sì ni. Kí ló dé tí wọn ò yà?"

Ó wọ bàtà rẹ̀ padà kó tó dáhùn. "Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà mọ́, Akọ̀wé. Ìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n.

Àbámẹ́ta, 4 oṣù Kẹjọ

Mo fi aṣọ Àìkú àwọn ènìyàn sílẹ̀ láìparí, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí aba Bàbá Adéjọbí. Ẹrẹ̀ pọ̀ lọ́nà, mo ru kẹ̀kẹ́ ní ibi méjì. Mo bá a láàárín ebè, ó ń roko, kò bá àwọn tó kù lọ sí ọjà Igbemo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀.

Ó roko dé ìparí ebè náà kó tó dúró. Ó ní, "Dìde, erùpẹ̀ á ba ẹ̀wù ẹ jẹ́. Ọkọ́ kan ń bẹ nídìí igi yẹn."

Mo mú ọkọ́. A roko títí oòrùn fi dé àárín orí. Ọwọ́ télọ̀ ni ọwọ́ mi, ó bó ní ibi mẹ́ta, ìdí nìyí tí ìwé yìí fi rí wúruwùru. Lẹ́yìn náà ó fi uṣu tuntun sísun lé mi lọ́wọ́.

"Kò sí àdá kankan," ó ní. "Bí wọ́n bá fún mi ní àdá, màá gbà á, ẹnu àdá mi ti kú. Màá sì dìbò fún ẹni tó wù mí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Orí mi ló gbóná."

"Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló kù lọ́kàn mi. Ùgbà tí ẹ ń wá ùbò, ìwọ lò ń wá bá wa. O mọ ọ̀nà ulé gbogbo wa. A dìbò tán, o wọ ọ́fíìsì, o jókòó, o ní ká máa wá bá ọ. Ìbítóyè, ṣé ọ̀nà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ni?"

Mo gbé uṣu náà sílẹ̀. Ìpolongo tó rẹ̀ mí, tí mo ń dúpẹ́ pé ó parí, ìyẹn gan-an ni ẹgbẹ́. A mú ẹgbẹ́ láti inú oko àti ọjà, a tì í mọ́ inú yàrá kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní bó bá gbà, ìpàdé yóò máa tẹ̀ lé ọjà, ní Adó, ní Ìgèdè, ní Igbemo, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń gbé wọn lọ tẹ́lẹ̀.

Ó ronú sí i. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ oko ni, ọjà ni mo sì ti bú òun.

Ajé, 6 oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ ọjà Adó. Òjò àárọ̀ ti sọ ilẹ̀ di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù funfun mi, mo lọ sí ìsọ̀ oníyọ̀ níbi tí Bàbá dúró, mo sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo ní èmi Ìbítóyè purọ́ mọ́ àgbà, kò sí àdá kankan. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí n yí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè dọ́gba. Bàbá Adéjọbí fi ọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó sì gbé mi dìde. Omi lójú mi kì í ṣe ti ẹrẹ̀.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà a ṣe ìpàdé níbẹ̀, ní ìdúró, láàárín àpò iyọ̀. Mi ò ka orí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kẹjọ

Ìpàdé ní ọjà Igbemo, lábẹ́ igi ọdán ní ìpẹ̀kun ọjà. Nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn. Nígbà ìpolongo, èmi nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀. Lónìí, àwọn ló sọ̀rọ̀ jù. Ẹnìkan ní ibi tí mo ní kí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí, omi máa ń gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n fi ibòmíràn hàn mí, ó ga, ó sì dára ju tèmi lọ.

Ẹtì, 10 oṣù Kẹjọ

Mo tẹ wáyà sí Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí pé kó jọ̀ọ́ kó wá ní 14, ọjọ́ ọjà Adó, dípò 16. Wáyà tirẹ̀ dé lónìí: "Ọjọ́bọ̀ 16 gẹ́gẹ́ bí àdéhùn." Mo wo àmì ṣọ́ọ̀kì lára kàlẹ́ńdà: ọjọ́ ọjà Igbemo ni. Kò burú. Ó fẹ́ Ọjọ́bọ̀, yóò rí Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹjọ

Mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ kó tó sá mọ́ mi lọ́kàn.

Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí dé ní agogo mọ́kànlá, ó yá ju bí a ti ṣe sọ lọ, ó fẹ́ ká mi mọ́. Ó bá ọ́fíìsì ní títì. Akínwálé ti sáré jáde láti kí i káàbọ̀, ó ní òun ti mọ̀, ó ní ẹgbẹ́ náà ti kú tipẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí yíjú sí mi. Kò yọ̀ mí, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Àánú ló fi wò mí, ìyẹn sì burú jù.

"Ọ̀gbẹ́ni Ìbítóyè, ibo làwọn ènìyàn yín wà?"

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́ wọn, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn."

Mo wọ mọ́tò rẹ̀ kó tó lè kọ̀. A gba ọ̀nà Igbemo. Ilẹ̀ ń yọ̀, awakọ̀ ń ráhùn nítorí táyà rẹ̀. Mo ń kọrin ìjọ wa lábẹ́lẹ̀. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀. Ọjà kún, ìpàdé sì ti bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè mí. Bàbá Adéjọbí jókòó sórí gbòǹgbò ọdán, àwọn ará Ìgèdè wà lápá kan, àwọn ará Adó tó wá nájà wà lápá kejì, àwọn obìnrin fi agbọ̀n wọn ṣe àga. Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí dúró lẹ́yìn, ó ń fi ìka kà wọ́n jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ ọ nígbà tó dé àádọ́rùn-ún.

Àsìkò náà ni obìnrin kan dìde. Ṣìkẹ́ lorúkọ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lójú, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Wọ́n ń bi ara wọn bóyá kí ọ̀wẹ̀ dúró dìgbà tí òjò bá dáwọ́. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó dúró. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀nà Adó ni mo bí ọmọ mi sí, níbi tí wọ́n ti ń gbé mi lọ. Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Mo ń tẹ́tí, kò ké mọ́." Ó jókòó. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí kò kà wọ́n mọ́. Ìka rẹ̀ dúró lókè, lẹ́yìn náà ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ ọjà Igbemo tó bọ́ sí 24, kí ọ̀wẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kí ọjà tó kún. Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí tún táì rẹ̀ so, ó sì bọ́ síwájú pẹ̀lú ohùn ìpolongo: "Ẹ̀yin ènìyàn wa ọ̀wọ́n!" Bàbá Adéjọbí na ọwọ́. "Ẹ kú ọ̀nà, sà. Ẹni méjì ń bẹ níwájú yín." Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí jókòó sórí agbọ̀n jẹ́ẹ́ títí ó fi kàn án. Nígbà tó kàn án, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ẹ̀ka wa dúró, òun fúnra òun yóò sì lọ bá káńsù lórí agbẹ̀bí. Ó ní kí a mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde nínú àpótí.

Bàbá ní, "Ẹ ṣé. A ń gbọ́ ara wa."

"Nígbà ìdìbò mìíràn ńkọ́?"

"Ùdìbò wo? Ulé agbẹ̀bí là ń sọ."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí pẹ̀lú. Nínú mọ́tò nígbà tí a ń bọ̀, ó ní ènìyàn mélòó ni mo rò pé ó wà níbẹ̀. Mo ní mi ò kà wọ́n. Ó ní òun náà ò kà wọ́n tán, òun yóò kọ ọgọ́rùn-ún sílẹ̀.

Àìkú, 19 oṣù Kẹjọ

Ibà. Òtútù ọjọ́ Igbemo wọ̀ mí lára. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá gbàdúrà fún mi nílé.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kẹjọ

Ibà ṣì wà. Wọ́n ń ṣe ìpàdé ní ọjà Adó lónìí, Yétúndé kò jẹ́ kí n jáde. Mo dùbúlẹ̀, mo ń dá sọ àwọn ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ.

Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹjọ

Ara mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ìyá Ṣẹ̀fíátù wá láàárọ̀ yìí láti jíṣẹ́ ọ̀wẹ̀ fún mi. Gbogbo àná ni mo fi wà lórí ẹní tí mo ń ronú pé, láìsí èmi, ta ni yóò pín iṣẹ́, ta ni yóò parí ìjà, ta ni yóò mú àwọn ará Ìgèdè dé.

Ó ní wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán, wọ́n sì ti mọ ògiri dé orókùn. Àwọn ará Ìgèdè ló tilẹ̀ kọ́kọ́ dé.

"Ènìyàn mélòó?"

"A ò kà wọ́n. Iṣẹ́ là ń ṣe."

"Ta ló kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀?"

"Ṣìkẹ́ ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó kàwé?"

Mi ò mọ̀. Mo tún aṣọ bo ẹsẹ̀ mi. Mo wá béèrè èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an. "Wọ́n béèrè mi?"

Ó ronú dáadáa, nítorí kì í purọ́. "Rárá o."

Yétúndé gbaná jẹ. Ó ní ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nítorí wọn, tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, wọn ò lè béèrè pé ó ti jí! Ó ní irú ènìyàn wo nìyẹn? Ìyá Ṣẹ̀fíátù ń bẹ̀ ẹ́, ó ní ọwọ́ ló dí, kí ó má bínú. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi, wọ́n rò pé ibà náà ló tún gùn mí. Mo ní kí Ìyá Ṣẹ̀fíátù jọ̀ọ́ kó tún un sọ.

"Wọn ò béèrè yín rárá, Akọ̀wé."

Ó dùn mọ́ mi létí ju ariwo ọjọ́ tí a wọlé ìbò lọ.